Ẹ̀jẹ́ Tí Ìyá Láńre Jẹ́

Ní ilé wa l'Óṣogbo, ọmọdé ló ń gun àgbàlagbà lẹ́yìn. Bí ìyá mi àgbà bá ti oko dé, á tẹ́ ẹní sílẹ̀, á dojú bolẹ̀, á ní kí n wá gun òun. Màá fi ọwọ́ di ògiri mú, màá máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lórí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun náà á máa darí mi láti ìsàlẹ̀: kí n sún sókè, kí n yé gun òun ní ọ̀pá ẹ̀yìn, kí n dúró síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni. Bí mo bá ṣe tán, á fún mi ní ẹran, bí kò bá sí ẹran, á fún mi ní àdúrà. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́. Ìgbà tí mo dé Àtìláńtà, tí mo rí i pé àwọn èèyàn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí àtitẹ ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni, tí ìjọba sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ lé e lórí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo gba ìwé àṣẹ náà. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àǹtí mi n'Íbàdàn, ẹni tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ló bi mí lórí fóònù.

"Iṣẹ́ ìtọ́jú ara ni, Àǹtí mi. Ó dà bíi physio."

"Physio! Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí, àbúrò mi ti di dókítà!"

Mi ò tọ́ ọ sọ́nà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní dókítà, gbogbo àdúgbò rẹ̀ ló sì mọ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Nípa bíìlì àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó, mo ti gbọ́ kí n tó kúrò nílé. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èèyàn lè wà níbí fún oṣù gbáko kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kan ara rẹ̀. Nílé, ọkùnrin méjì a máa di ara wọn lọ́wọ́ mú gba àárín ọjà kọjá, ẹnikẹ́ni kì í bojú wò wọ́n. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Èmi àti ọmọkùnrin kan tí mo fẹ́ràn ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aládùúgbò sì ń pè wá ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ká ní a sọ orúkọ ohun tó wà láàárín wa ni, ẹ̀wọ̀n ni wọn ì bá jù wá sí. Níbí, mo lè sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹni tó bá wù mí. Ọwọ́ tí n ó dì mú ni kò sí.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù másáàjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Norcross, lẹ́bàá Àtìláńtà, lẹ́yìn ilé ìtajà àwọn ará Kòríà kan. Wọ́n fi kọ́tìnnì pín in sí yàrá kéékèèké, òórùn ata àti ẹja gbígbẹ sì máa ń gba ara ògiri wọlé sí wa. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù máa ń wá, àwọn tó ń gbé páálí ní wíàhaòsì, ilé ìkẹ́rùsí ńlá, náà máa ń wá. Wọ́n á dojú bolẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹkún ọkùnrin tó ga bí igi àgbọn lábẹ́ ọwọ́ mi, tó jẹ́ pé èjìká rẹ̀ nìkan ni mo tẹ̀.

Mi ò ní fọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Ọkùnrin ni mo fẹ́ràn láti kékeré. Àwọn oníbàárà kan sì wà tí ọ̀rọ̀ wọn kọjá másáàjì. Wọ́n á pè mí wá sílé wọn lọ́jọ́ ìsinmi mi, wọ́n á sanwó kí n bá wọn jẹun, kí n bá wọn wo bọ́ọ̀lù, kí n jókòó tì wọ́n. Ìgbà mìíràn, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ibí ò fọwọ́ sí i, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò fipá mú ẹnikẹ́ni, òǹgbẹ tó ń gbẹ wọ́n ló ń gbẹ èmi náà.

Mo máa ń tọ́jú ara mi. Ilé ìwòsàn kan wà ní West End, ẹ̀bá ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láìsanwó. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará ibí tí wọ́n ń pè ní Miss Denise, ló fi mí sórí oògùn ìdènà, èyí tí mò ń mu láràárọ̀ pẹ̀lú tíì kí HIV má bàa ràn mí. Òun náà ló kọ́ mi pé òrí tí àǹtí mi ń fi ránṣẹ́ láti ilé, tí mo fi ń ra àwọn èèyàn lára, kò gbọdọ̀ kan rọ́bà ìdáàbòbò, torí ọ̀rá á máa jẹ rọ́bà, rọ́bà á sì ya. Mo jìnnà sí ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mò ń lọ. Àwọn ilé ìwòsàn tó sún mọ́ mi kún fún àwọn nọ́ọ̀sì tiwa. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sí ọ lápá, wọ́n á wo orúkọ rẹ, wọ́n á ní, "Ah-ah! Ọmọ Yorùbá ni ẹ́! Which church?" Kó tó di Sunday, ẹ̀jẹ̀ rẹ ti dé ẹgbẹ́ akọrin.

Orúkọ tí Láńre fún wa ní ṣọ́ọ̀bù ni Larry. Ó wọlé, ó kí mi ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tó fi imú sọ. Mo dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí mo dé abẹ́ èjìká rẹ̀ ọ̀tún, mo bá kókó kan níbẹ̀ tó le bí ẹyìn, mo fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Mo dúró. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni mo wí. "Ṣé ibẹ̀ ló ń dùn yín?"

Ó fò dìde, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo àyà bí obìnrin tó ń wẹ̀ lódò. Ojú rẹ̀ ń wá ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ìjọ wo lẹ̀ ń lọ?"

"N kì í lọ sí ìjọ kankan."

"God is good," ló wí, ó sì padà dojú bolẹ̀.

Bí a ṣe pàdé nìyẹn. Ọ́fíìsì ilé ìwòsàn ńlá kan ló ń bá ṣiṣẹ́, ó ń ṣírò owó fún wọn. Ohùn tẹnọ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Yorùbá kan ní Austell. Ó ti tó ogójì ọdún, kò níyàwó, gbogbo àwọn ìyá ìjọ ló sì ń wá ìyàwó fún un. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa wá sílé òun. Ó máa ń fi owó mi sórí tábìlì kí n tó wọlé, kí a má bàa ní láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, mo ní kó mú owó rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ìrẹsì kaná.

Mo láyọ̀ nígbà yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan wà l'Ámẹ́ríkà tó ń fi Yorùbá bú mi bí mo bá jẹ gbogbo dòdò tán, tó ń fi ẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì láìsọ pé kí n má bínú.

Ṣùgbọ́n ó ń wúkọ́. Ó ń làágùn lójú oorun títí aṣọ ibùsùn fi máa ń tutù. Kí ó tó mọ̀ mí, ó ti mọ àwọn ọkùnrin mìíràn tó ń sanwó fún, kò sì tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí, torí ẹ̀rù àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ ń bà á ju ẹ̀rù àìsàn lọ. Ó lóun ò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo gbé e sínú mọ́tò mi, mo gbé e lọ sí West End. Miss Denise jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ fún un pé HIV wà lára rẹ̀, pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, àti pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kù díẹ̀. Ó ní bó bá lè máa mu oògùn kan lójoojúmọ́, yóò darúgbó. Nínú mọ́tò, Láńre gbé orí lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Ní Ìkìrun ni ìyá náà wà. Òun nìkan ni Láńre ní láyé, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìpè. Ohun tó sọ fún un ò ju pé ẹ̀jẹ̀ òun ò dáa, àwọn dókítà sì ń tọ́jú òun. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ikọ́ lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà. Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n lójú, torí ẹran padà sí abẹ́ èjìká rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, Miss Denise ní ẹ̀rọ ò rí kòkòrò náà mọ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa: ó ṣì wà níbẹ̀, oògùn ló mú un sùn, bí Láńre bá ń mu oògùn rẹ̀ lọ kò lè ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bó bá dá a dúró, á jí. Láńre gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbá obìnrin náà mọ́ra títí ìgò ojú rẹ̀ fi ṣubú.

Ó ní kí n wá sí ìdúpẹ́ òun. Mo lọ. Wíàhaòsì tẹ́lẹ̀ ni ilé ìjọsìn náà, bí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù bá sì fọn fèrè nítòsí, pásítọ̀ á dúró kó kọjá. Láńre jó débi pẹpẹ. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú èrò gbé fóònù sókè, ojú ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ láti Ìkìrun, ó ń jó níjókòó.

"Ẹ̀yin ará," ni Láńre wí, "I was dying. Ẹ̀jẹ̀ mi ò dáa. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí nǹkan níbẹ̀. Ìyá mi wọ ààwẹ̀. Wọ́n tún padà yẹ̀ ẹ́ wò, they could not find it!"

Ilé náà dà rú fún ayọ̀. Wọ́n gbé máíkì sẹ́nu fóònù kí ìyá lè sọ̀rọ̀.

"Olúwa," ló wí, "mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọ, O sì ṣe é. Láti òní lọ, oògùn kò ní bá Ọ pín ògo lára ọmọ mi. Bó bá tún gbé oògùn sẹ́nu nítorí àìsàn yìí, èmi tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ni kí O bi. Gba ẹ̀mí mi!"

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ dáhùn. Èmi náà ṣe àmín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdùnnú ìyá ni. Lẹ́yìn ìsìn, Láńre gbé fóònù fún mi, ó ní ọ̀rẹ́ tó ń tọ́jú òun nìyí. Ìyá náà rọ̀jò àdúrà lé mi lórí. Ó gba nọ́ńbà mi. Láti ìgbà náà, ó máa ń pe èmi náà, ó ń pè mí ní ọmọ mi, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ìgbà ooru ń lọ sópin nígbà tí ọwọ́ mi tún kan egungun. Láńre dojú bolẹ̀ nínú yàrá mi, mò ń ra á lẹ́yìn, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló dúró bí ìka ọwọ́. Aṣọ tó sùn lé ti tutù.

"Láńre, ṣé ò ń lo oògùn rẹ?"

Ó ri ojú mọ́ ìrọ̀rí.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mo ti dá a dúró."

"Láti ìgbà wo?"

"Since my thanksgiving."

"Ṣé o rò pé kò sí lára rẹ mọ́ ni?"

"I'm not stupid." Ó dìde jókòó. "Mo gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o wà níbẹ̀ náà, o gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ níwájú pẹpẹ. Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi dúró. Bí mo bá mu ún, ìyá mi ni yóò kú."

"Ọlọ́run ò rí bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ tí o kì í lọ sí ìjọ kankan ni yóò wá sọ bí Ọlọ́run ṣe rí fún mi?"

Ẹni tí ìyá rẹ̀ ò jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀ rí lè máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kan wà nílé tí wọn kì í jẹ òkété, wọn ò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n kàn mọ̀ pé ìyá kan ló ṣèlérí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Láńre kàwé ju èmi lọ, ó ń ṣírò owó fún ilé ìwòsàn tó kún fún dókítà, ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀ sì dì í mú bí okùn ṣe ń di ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo ní kó pe ìyá rẹ̀, kó sọ òtítọ́ fún un, kí òun fúnra rẹ̀ lọ tú ẹ̀jẹ́ náà.

"Kí n sọ pé kí ni? Ó máa bi mí ní orúkọ àìsàn. Ó máa bi mí níbi tí mo ti kó o. Ó sàn kí n kú ju kó mọ̀ lọ." Ó ń wọ bàtà. "And you, má dán an wò o. Ṣé o gbọ́? Má dán an wò."

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Miss Denise pè é títí, kò gbé e. Mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ sílé rẹ̀, mo ń bá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nínú fíríìjì bí mo ṣe gbé e síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní ibi tí wọ́n bá gbé òun lọ, ọmọ ìjọ kan á wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ilé ìwẹ̀ tí kò sì wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé bí mo bá dúró, òkú rẹ̀ ni n ó fi ránṣẹ́ sí Ìkìrun.

Mo pe ìyá náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Inú mọ́tò ni mo wà, níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Norcross. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tiwọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ọmọ mi! O ṣé tó o pè. Láńre ńkọ́? Ó ní iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí òun pè mí mọ́."

"Mọ́mì, ara rẹ̀ ò yá. Àìsàn yẹn ò lọ o. Oògùn ló mú un sùn tẹ́lẹ̀, ó ti jí báyìí."

"Ọlọ́run mi kì í ṣe iṣẹ́ àṣetì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n Láńre ń kú lọ. Ó ní bí òun bá mu oògùn, ẹ̀yin lẹ máa kú. Ẹ̀jẹ́ yín ló dì í mú."

Mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ń dún níbi tó wà.

"Kí ni orúkọ àìsàn náà?"

"HIV ni, mà."

"Jésù." Lẹ́yìn náà: "Obìnrin wo ló kó o ràn án?"

Irọ́ rọrùn níbẹ̀ yẹn. Mo lè sọ pé obìnrin kan ni, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, kò jáde.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ni mò ń bi. Obìnrin wo?"

Mo dákẹ́. Kò sí ìyá Yorùbá tí kò mọ ìdákẹ́jẹ́ kà.

"Ó dáa," ló wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Má sọ ọ́. Má fi ẹnu rẹ sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ò bá mi jẹ́ ẹ. N ó lọ síwájú pẹpẹ lọ́la, n ó sọ fún Un pé ẹnu mi yá jù. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀mí mi, kó gbà á, mo ti jẹun kánú. Ọmọ mi á mu oògùn rẹ̀." Ó pa fóònù.

Láńre wá sílé mi lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀wù òtútù ló wọ̀ lábẹ́ oòrùn. Kò jókòó.

"Ìyá mi pè mí," ló wí. "Video call. Ó ní kí n mu oògùn náà lójú òun. Mo mu ún."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Má dúpẹ́. Ó sunkún. Ìyá mi ò sunkún nígbà tí bàbá mi kú. Kò bi mí ní nǹkan kan, kò bú mi, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò." Ó dúró gba èémí. "O mọ bó ṣe máa ń pè mí. Ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ọkọ mi ló ń pè mí. Ní báyìí, Láńre ló ń pè mí. 'Láńre, ṣé o ti lo oògùn?' 'Láńre, ó dàárọ̀.'"

"O ì bá ti kú."

"It was mine," ló wí. "Ikú yẹn, tèmi ni. Ìyá mi náà, tèmi ni. O gba méjèèjì lọ́wọ́ mi."

Mo nawọ́ sí i. Ó yẹra fún un, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Títí di òní, kò gbé fóònù mi mọ́.

Ìyá rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan. "O ṣeun. Ó ń jẹun báyìí. Má pè mí mọ́, ọmọ mi." Mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ ibi tó ti mí nínú rẹ̀.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Àwọn ará ibí tí mo sọ ọ́ fún sọ pé ọ̀rọ̀ ara ẹni ni, kò yẹ kí n dá sí i. Àwọn tiwa tí mo lè sọ ọ́ fún kò sí. Ibi tí ìrìn àjò mú mi dé nìyẹn: ohun tí mo ṣe, ará ilé nìkan ló lè mọ ìdí rẹ̀, ará ilé nìkan ni mi ò sì lè sọ ọ́ fún. Bó bá tún di òní, n ó pè é. Ó dùn mí gan-an, n ó sì pè é. Àárò Láńre ń sọ mí bí ebi. Bí mo bá ń ra oníbàárà mìíràn lẹ́yìn, tí mo dé abẹ́ èjìká ọ̀tún, mo máa ń dúró díẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ pariwo.

Àǹtí mi pè láti Ìbàdàn. "Dókítà! Ṣé o ti wo ẹnikẹ́ni sàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ẹnì kan."

"Ọlọ́run á máa lò ọ́. Ṣé ó fún ẹ ní nǹkan?"

Mo ní rárá, pé ọ̀rẹ́ ni. Ó ní kí n má máa fi iṣẹ́ mi ṣe ọ̀fẹ́ fún ọ̀rẹ́, torí ọ̀rẹ́ kì í mọ oore. Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí àyẹ̀wò mi tún pé, mo lọ sí West End. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ìjókòó ló kún, àyàfi èyí tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo ti jókòó tán kí n tó rí Láńre ní òdìkejì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ó so táì. Ọrùn rẹ̀ ti kún inú kọ́là. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Mo wò ó, omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo wo ilẹ̀.

Miss Denise jáde wá pe èèyàn. Ó rí èmi, ó rí òun, inú rẹ̀ dùn. Ó na ìka sí Láńre, ó ní fún mi pé kí n wo ọ̀rẹ́ mi, kí n wo bó ṣe sanra, ó ní èmi ni mo mú un wá síbí, kí n jẹ́ kí inú mi dùn sí ara mi. Àwọn tó jókòó yí ojú sí wa.

Láńre rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí a máa ń rín sí oníbàárà. "Orílẹ̀-èdè kan náà la ti wá," ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí. "That's all."

Miss Denise wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni. Ó pe Láńre wọlé, Láńre sì dìde, ẹni tí mo gbé dé ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́sí, kò di ohunkóhun mú kó tó dìde.